Kọfí Rhoda àti Àpótí Oníyàrá Mẹ́rin

Nígbà tí ọkọ Rhoda kú ní Iyah-Gbede, ẹbí ọkọ kò lé e. Wọ́n kàn sọ pé ibi tí ó bá gbìn ni tirẹ̀; ibi tí òjò ọdún náà bá bá ní òfìfo, àwọn yóò gbà á padà. Bàbá Lájídé, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ló jíṣẹ́ náà, ó sì ti ń fi ojú wọn ilẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Rhoda pinnu pé ìlà kan kò ní ṣófo. Kọfí ni yóò gbìn. Àwọn àgíríìkì, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀, láti Kabba ń pín ọmọ igi kọfí lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọkọ̀ wọn ń wá lọ́dún. Iye tí àgbẹ̀ bá bèèrè ni wọ́n ń já fún un; ẹni tó bá sọ ọ́ kéré, ó di ẹ̀ẹ̀mọ́dún. Rhoda ti fi okùn wọn ilẹ̀ rẹ̀: ìlà mẹ́rìnlélógún, ìlà kọ̀ọ̀kan á gba igi mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Àpapọ̀ rẹ̀ ni kò mọ̀.

Ọpẹ́lọpẹ́ Tíṣà Babátọ́pẹ́, tó ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi. Ọmọdé ni lójú Rhoda, ṣùgbọ́n kò fi àgbà ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Òun ló kọ́ wọn pé iye ńlá kì í ṣe ohun tí à ń gbé mì lódindi: ẹ ya àpótí oníyàrá mẹ́rin, ẹ fọ́ iye náà sí wẹ́wẹ́, kí ẹ wá sọ ọ́ di púpọ̀ ní yàrá-yàrá.

Rhoda, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ọdúnayọ̀, ya tirẹ̀ sórí síléètì. Ó kọ ogún àti mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọgbọ̀n àti mẹ́rin sókè. Ogún lọ́nà ọgbọ̀n, ẹgbẹ̀ta. Mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin, mẹ́rìndínlógún. Ó rò wọ́n pọ̀, ó ju ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ bí ẹni tó pa erin.

“Ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́rìndínlógún!”

Tíṣà wo síléètì náà, kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka kan yàrá méjì tí Rhoda kò kọ nǹkan sí.

“Ìyá Ọdúnayọ̀, ká ní oko yín nìyí. Ta ló ni ìhà méjì yìí?”

Rhoda kígbe.

“Yéè! Ẹbí ọkọ mi ni!”

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, àfi òun. Ó he ṣọ́ọ̀kì. Ogún lọ́nà mẹ́rin, ọgọ́rin. Mẹ́rin lọ́nà ọgbọ̀n, ọgọ́fà. Ilẹ̀ igba igi ni ì bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé fún wọn! Àpapọ̀ wá di ẹgbẹ̀rin ó lé mẹ́rìndínlógún, iye tó sì sọ fún àwọn àgíríìkì nìyẹn.

Òjò dé, kọfí wọlẹ̀, Bàbá Lájídé náà dé. Ó rin oko náà já, ó ń wá àyè. Ibi tó bá yíjú sí, ewé kọfí ni. Nígbà tó dé ìpẹ̀kun, ó dúró, ó gbọn ẹrẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀.

“Aya wa, okun o,” ló kí i ní èdè àdúgbò wọn, bí a ṣe ń kí ẹni tó ni oko.

Rhoda kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ dá a lóhùn, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ọpẹ́ ló kún inú rẹ̀: ọpẹ́ sí Ọlọ́run, ọpẹ́ sí Tíṣà, tó bi í ní ìbéèrè dípò kó bú u.