Ọ̀fọ̀ Tí Madamu Ṣe

Adìẹ mọ́kànlá ló ń bá Ọ̀ṣuntókí gbélé ní Datcha, ẹni tó bá sì rò pé ìta ni adìẹ ń gbé, onítọ̀hún kò tíì dé ọ̀dọ̀ Ọ̀ṣuntókí rí. Wọ́n ń jẹun nídìí ààrò, wọ́n ń sùn lórí àpótí, bí ilẹ̀kùn bá wà ní títì, ojú fèrèsé ni wọ́n ń gbà wọlé. Àgbà wọn ni àgbébọ̀ pupa kan tí kì í wojú ẹnikẹ́ni. Ìyálé ni Ọ̀ṣuntókí ń pè é, nítorí òun ló ń pàṣẹ fún àwọn tó kù. Abẹ́ ibùsùn Ọ̀ṣuntókí ni Ìyálé ń sùn, inú apẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ló sì ń yé sí.

Inú apẹ̀rẹ̀ yìí kan náà ni aṣọ dúdú wà. Fágbénró, ọkọ Ọ̀ṣuntókí, ló kú lọ́dún tó kọjá nígbà ìkórè òwú. Ọ̀ṣuntókí ti ṣe opó tán, irun rẹ̀ tí wọ́n fá ti hù padà, wọ́n ti bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè sọ aṣọ náà nù, kò sì rí ẹni tó máa fi í ta lọ́rẹ. Ó ká a sínú apẹ̀rẹ̀, Ìyálé jókòó lé e, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ìgbà tó yá, Hilaire, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Faransé ní ilé-ìwé ìjọ lábẹ́ àlùfáà tí wọ́n ń pè ní Mọpẹ́ẹ̀, gbé ìyàwó wálé láti Atakpamé. Lucie ni orúkọ ìyàwó. Ó mọ ọbẹ̀ í sè, ó mọ ilé í gbá, àárọ̀ àti alẹ́ ló ń kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀. Èèyàn kò rí nǹkan kan wí sí i, àfi pé ó kó ehoro méjì dání wá. Ọ̀ṣuntókí mọ ehoro dáadáa. Ẹran ìgbẹ́ ni, igbó ló ń gbé, inú ìkòkò ló sì ń parí sí. Kò rí i rí kí ehoro máa rìn kiri ní yàrá bí ọmọ onílé. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Másẹ́ẹ̀, ló fi wọ́n ta Lucie lọ́rẹ ìgbéyàwó. Akọ funfun ń jẹ́ Mésié, abo aláwọ̀ eérú ń jẹ́ Madamu, àfi bí ẹni pé yòvó, ìyẹn òyìnbó, àti ìyàwó rẹ̀ ló wá kí wọn nílé.

Láti ọjọ́ náà ni ilé ti dàrú. Mésié jẹ okùn bàtà Hilaire, ó jẹ etí ẹní, ó jẹ ẹ̀fọ́ tí Ọ̀ṣuntókí já sílẹ̀ fún ọbẹ̀. Bí Ìyálé bá ṣá a lẹ́nu, á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lu ilẹ̀ gbì, gbogbo adìẹ á fò sókè, eruku á sọ. Madamu ní tirẹ̀ kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Kó kàn wà lábẹ́ ibùsùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyálé ni, kó máa mi imú. Ká sọ tòótọ́, Ọ̀ṣuntókí ti máa ń ju èèpo iṣu sí i bí ojú kò bá sí nílé. Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ síta.

Lọ́jọ́ tí Mésié jẹ ìgbálẹ̀ tuntun dé ìdí, inú bí Ọ̀ṣuntókí.

Ó ní, “Ilé yìí kò gba gbogbo wa mọ́ o! Èmi, adìẹ mi, ehoro yín. Ẹnìkan á kó jáde.”

Ó fẹ́ kí wọ́n bẹ òun ni. Ó ti ń retí kí Lucie kúnlẹ̀, kí Hilaire ní “Ìyá, ẹ má bínú,” kí òun náà kùn díẹ̀, kí wọ́n sì jọ jẹun. Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́. Lucie wolẹ̀. Hilaire, tó jọ bàbá rẹ̀ ní ti pé kì í pẹ́ gba ọ̀rọ̀ gbọ́, dáhùn pé, “Ó dáa, Ìyá. Mọpẹ́ẹ̀ ní wọ́n ń wá olùkọ́ ní Atakpamé, yàrá sì wà fún un. Ní Dìmáǹsì, bí a bá jáde Mísà, a ó yà wò ó.”

Ọ̀ṣuntókí ní kí wọ́n máa lọ. Ó wọ yàrá, ó jókòó, ọkàn rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì. Adìẹ mọ́kànlá dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n adìẹ kò lè bi èèyàn pé báwo ni oorun.

Nígbà tó máa fi jí lọ́jọ́ Àìkú, Dìmáǹsì tí Hilaire wí, Hilaire ti gbé Lucie sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, wọ́n ti lọ. Ó bu àgbàdo fún àwọn adìẹ, ó wo abẹ́ ibùsùn. Madamu wà níbẹ̀. Mésié kò sí. Ó wo ẹ̀yìn àpótí, ó wo ìdí ìkòkò omi, kò rí i. Ìgbà náà ló rántí pé òun ló ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀ lálẹ́ àná, nítorí Ìyálé kò tètè wọlé. Ó sáré dé inú oko ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé, ó ń pariwo “Mésié! Mésié!” tó bẹ́ẹ̀ tí ọkùnrin kan tó ń kọjá lọ́nà fi ṣí fìlà, tó ń wá yòvó tí wọ́n ń pè.

Kò rí nǹkan kan. Nígbà tó padà wọlé, ohun tó bá Madamu ń ṣe mú kó dúró gbagidi. Madamu ń fi ẹnu tu irun àyà ara rẹ̀. Ó ń tu ú ní ìdì ní ìdì, ìdí ọmú rẹ̀ ti pá, irun kún ẹnu rẹ̀.

Ọ̀ṣuntókí ké sí Olúgbódi, opó bíi tirẹ̀, tí ògiri kan ṣoṣo pààlà ilé wọn. Olúgbódi wá, ó wò, ó kó ọwọ́ lérí.

“Ó ń fá irun,” ni Olúgbódi wí. “Ta ló kú fún un?”

“Ọkọ rẹ̀.”

“Yéè! Ehoro tó ń fúnra rẹ̀ fá irun nítorí ọkọ! Èmi ńkọ́, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n dì mú kí wọ́n tó rí orí mi fá.”

“Dákẹ́, Olúgbódi. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún ikú.”

Olúgbódi kò tún ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Ó lọ sílé, ó gbé ẹ̀kọ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wá nínú igbá, nítorí ohun tí wọ́n ń gbé lọ fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ nìyẹn, ehoro ni tàbí èèyàn. Lẹ́yìn náà ó fi wọ́n sílẹ̀.

Ọ̀ṣuntókí tẹ́ ẹní, ó jókòó ti Madamu, bí wọ́n ṣe jókòó ti òun náà lọ́dún tó kọjá.

Ó ní, “Pẹ̀lẹ́. Mo mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló le jù. Èmi ni mo ṣe é, má bínú sí mi. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níjọsí kò ti inú mi wá. Bí wọ́n bá dé tí wọn kò bá Mésié, wọ́n á kó ẹrù wọn, ilé á pa lọ́lọ́. Mi ò fẹ́ kí wọ́n lọ, Madamu. Ojoojúmọ́ ni mò ń jí kí n lè gbọ́ ohùn ọmọ yẹn níbi tó ti ń kí mi.”

Madamu kò gbọ́ tirẹ̀. Ó sáré tòun ti irun lẹ́nu, ó fò sínú apẹ̀rẹ̀ Ìyálé, ó ń fi ẹsẹ̀ wa aṣọ dúdú. Omi bọ́ lójú Ọ̀ṣuntókí. Aṣọ opó ló ń wá! Ó nawọ́ tú aṣọ náà palẹ̀ fún un, ó ní, “Gbà. Mo bùn ọ́. Èmi ti lò ó tó.” Ó fa ilẹ̀kùn yàrá dé, nítorí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ń fẹ́ ìdákẹ́jẹ́, ó lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò títí oòrùn fi yẹ àtàrí.

Igbe Ìyálé ló pè é padà. Madamu ti wà nílẹ̀, ó ń lá ẹ̀kọ Olúgbódi. Ìyálé ló wà nínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ báyìí, ó wú, ó na ìyẹ́ bíi pé ó ń sàba, ó sì ń kùn sí gbogbo ayé. Ọ̀ṣuntókí gbé e ní ìyẹ́ kan. Irun eérú kún orí aṣọ dúdú, fúlọ́fúlọ́, nǹkan sì ń mì nínú irun náà. Ó fi ìka kan ṣí i. Ọmọ ni! Ọmọ pupa, ìhòòhò, olójú dídì. Ọ̀kan, méjì, mẹ́fà!

Igbe tó ta, Olúgbódi kò ya ẹnu ọ̀nà mọ́, orí ògiri ló gbà wọlé. Àwọn méjèèjì di ara wọn mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fò bí ọmọge, àwọn adìẹ ń sá kiri láàárín ẹsẹ̀ wọn.

Ibẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ Hilaire bá wọn. Lucie sọ̀ kalẹ̀, ó gbé agbọ̀n dání, ó kúnlẹ̀.

“Ẹ kúulé, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣì ń sùn nígbà tí a lọ. A gbé Mésié dání. Etí ló ń yún un, Másẹ́ẹ̀ ti fi epo sí i.”

Orí funfun kan yọ jáde nínú agbọ̀n, etí rẹ̀ ń dán. Ọ̀ṣuntókí wo òkú tó jí.

Hilaire fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri. “Ìyá, a rí yàrá náà. Ó dára. Mọpẹ́ẹ̀ ní ká fún òun lésì kó tó di ọjọ́ ọjà.”

Ọ̀ṣuntókí fa Lucie lọ́wọ́ wọ yàrá, ó gbé Ìyálé sókè. Lucie fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó gbọ́ bí ọ̀fọ̀ ṣe jẹ́, ẹ̀rín mú un dórí ìkúnlẹ̀.

“Ìyá, kì í ṣọ̀fọ̀! Bí wọ́n bá fẹ́ bímọ, irun ara wọn ni wọ́n ń tu fi tẹ́ ibùsùn ọmọ.”

“Mo ti rí i. Ó dáa. Ìyálọ́mọ kì í kó kúrò nílé kí ogójì ọjọ́ tó pé.”

“Ìyá,” ni Hilaire wí láti ẹnu ọ̀nà, “ehoro mà ni.”

“Ṣé mo bi ọ́ ni?” Ọ̀ṣuntókí yíjú sí i, ohùn rẹ̀ sì yí padà. “Ọmọ mi, má lọ gba yàrá yẹn. Ìyàwó mi, má lọ. Inú ló bí mi. Ilé yìí gbà wá, ó gba adìẹ, ó gba ehoro mẹ́jọ. Bí ẹ bá lọ, mi ò mọ ohun tí màá máa jí fún.”

Lucie gbá a mọ́ra, ohun tí ìyàwó kì í sábà ṣe fún ìyá ọkọ nílẹ̀ wa. “Ìyá, èmi kò fẹ́ lọ rí. Mo rò pé ẹ kò fẹ́ràn mi ni.”

Hilaire wo àwọn méjèèjì, ó tú agbọ̀n. Mésié bọ́ sílẹ̀, ó gba abẹ́ ibùsùn lọ tààrà. Ìyálé ṣá a lórí gbà.

“Ìyálé, fi í sílẹ̀,” ni Ọ̀ṣuntókí wí. “Bàbá ọmọ ni.”

Lucie ti tẹ̀ síbi apẹ̀rẹ̀, ó di etí aṣọ mú. “Ìyá, aṣọ yín rèé lábẹ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí n fi àkísà rọ́pò rẹ̀, kó má bàa bàjẹ́.”

Ọ̀ṣuntókí gbá a lọ́wọ́ kúrò. “Jẹ́ kó bàjẹ́. Ta ló tún ń ṣọ̀fọ̀ nínú ilé yìí?”