Gbèsè Dókítà Abdullateef

Láti àárọ̀ ni Julianah Ògúndélé ti jókòó sórí àga ike ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé Dókítà Abdullateef ní Òkè-Fìà. Oòrùn ti yípo ògiri, ó ti dé orí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tó máa wọkọ̀ láti Iléṣà wá síbí nìyí, orúnkún rẹ̀ sì ń ro ó.

Nọ́ọ̀sì ni. Òun ló ń tọ́jú àwọn ọmọ ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní Aba Ògúnṣẹ̀yẹ, lẹ́yìn Ìtagunmódì, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń wa góòlù. Nígbà tí àwọn ọmọ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rù, tí inú ń run wọ́n, Dókítà Abdullateef fi owó ìwádìí tí ìjọba fún un wá síbẹ̀. Ó gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ. Ó bu omi inú gbogbo kànga, òun àti Julianah sì fi ọ̀dà pupa kọ lẹ́tà sára kànga kọ̀ọ̀kan. Ó fẹ́ mọ èyí tí òjé wà nínú omi rẹ̀, nítorí òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́.

"Ẹ ní sùúrù," ló sọ fún àwọn ìyá ọmọ. "Bí mo bá ti parí, màá wá sọ kànga tí ẹ máa pa tì."

Kó tó padà wá, àìsàn ọjọ́ díẹ̀ pa á.

Láti ìgbà náà ni àwọn ìyá ọmọ ti ń bi Julianah pé, "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀jẹ̀ wa dà?" Ohun kan ṣoṣo tó rí sọ fún wọn ni pé kí wọ́n máa pọn omi kànga iwájú ilé ìwòsàn, èyí tó ní ìdérí, títí ìdáhùn yóò fi dé.

Ìdáhùn ti wà. Ó ti jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn dókítà ní òkè òkun. Julianah rí àkọlé rẹ̀ lórí fóònù, ó rí orúkọ dókítà, ó rí orúkọ ara rẹ̀ pàápàá nítorí pé wọ́n jọ ṣe é ni. Ṣùgbọ́n bó bá ní kí òun kà á, wọ́n á ní kó san dọ́là. Ó kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìjọba tó fún dókítà lówó. Wọ́n ní òfin wà: ìwádìí tí a bá fi owó ìlú ṣe gbọ́dọ̀ wà nínú àká ìwádìí tí wọ́n ṣí sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Dókítà kò tíì fi tirẹ̀ síbẹ̀ ni. Julianah lè bá a fi síbẹ̀. Àmọ́ wọn kò gba èyí tí àwọn òyìnbó ti tẹ̀ jáde. Èyí tí dókítà fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ gbẹ̀yìn ni wọ́n fẹ́.

Ìyẹn wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Kọ̀ǹpútà wà nínú yàrá tí wọ́n tì pa. Kọ́kọ́rọ́ yàrá wà lápò Alhaji Zulkifli, ẹ̀gbọ́n dókítà, tí ẹbí fi ṣe alábòójútó ogún.

Alhaji ti ìrun Àsárì dé, ó bá a níbẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣì wà níbí?"

"Mo wà níbí, sà."

"Mo ti sọ fún yín. Títí ìyàwó á fi parí opó, tí a ó sì pín ogún, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹrù òkú. Ìwé yẹn gan-an, ogún ni. Dọ́là ni wọ́n ń gbà kí wọ́n tó jẹ́ kéèyàn kà á, ẹ wá ní ká gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́! Kí làwọn ọmọ á jẹ?"

"Alhaji, kọ́bọ̀ ò wọlé fún dókítà nínú dọ́là yẹn. Àwọn tó tẹ ìwé ló ń gbà á."

"Ẹ má tàn mí jàre. Ta ló máa kọ nǹkan, tí ẹlòmíì á máa tà á, tí wọn ò ní fún un ní nǹkan kan?"

Julianah náà kò rí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀.

Alhaji wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Ìjẹ̀ṣà! Òṣómàáló! Báyìí làwọn bàbá yín ṣe máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, tí wọn ò ní dìde títí wọ́n á fi gba owó aṣọ wọn."

"Orúnkún mi ò gba ìlóṣòó mọ́, sà. Ẹ ṣáà jẹ́ n jókòó."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín díẹ̀ nínú ilé. Humairah, opó dókítà, ti dúró sẹ́yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà. Aṣọ dúdú ló wọ̀, ojú rẹ̀ sì ti wọnú.

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, kí la máa ń kọ́kọ́ ṣe ká tó pín ogún?"

"A máa san gbèsè òkú. Ìyá Salmah, ṣé ìwọ náà ò mọ̀ ni?"

"Mo mọ̀. Ẹ̀yin lẹ pe Mọ́mì nọ́ọ̀sì yìí ní òṣómàáló. Gbèsè náà ni wọ́n wá sìn."

"Gbèsè wo?"

"Ó gba ẹ̀jẹ̀ lára ọmọ wọn, ó ṣèlérí ìdáhùn. Nígbà tó wà lórí àìsàn, ohun tó ń tẹnu mọ́ nìyẹn: 'Humairah, mi ò tíì dá àwọn ará Aba lóhùn.' Mo rò pé ibà ló ń sọ̀rọ̀." Ó fa ìbòrí rẹ̀ síwájú. "Ṣé a máa pín ogún lé ìyẹn lórí?"

Alhaji yí tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀ títí. Nígbà tó yá, ó ki ọwọ́ bọ àpò.

"Ẹ̀yin obìnrin," ló wí, "ẹ máa ń dá kún àárẹ̀ èèyàn." Ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ.

Iná ò sí. Wọ́n dúró títí aládùúgbò fi tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n sì fa wáyà wọlé. Humairah nìkan ló mọ ohun tí wọ́n ń tẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó ṣí. Ẹ̀dà ìwé náà pọ̀ nínú rẹ̀: ọ̀kan ń jẹ́ "Ìkẹyìn", òmíràn ń jẹ́ "Ìkẹyìn Tòótọ́", èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ń jẹ́ "Ìkẹyìn In Shaa Allah".

"Láti kékeré ni kì í ti í parí nǹkan lẹ́ẹ̀kan," Alhaji wí, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn ni wọ́n ṣí. Julianah fi ìka tọ àwọn ìlà náà, ó kà á díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé ibi tí wọ́n to àwọn kànga sí. Òjé kò pọ̀ nínú omi kànga A. Ti B náà dára. Kànga D ló burú jù.

Ó tún un kà. Òun ló di agolo ọ̀dà mú nígbà tí dókítà ń kọ D náà. Kànga iwájú ilé ìwòsàn ni.

"Kí ló dé, Mọ́mì?"

"Kànga wa ni. Èyí tí mo ní kí wọ́n máa mu."

Alhaji rọra sọ ọ́ pé, "Ẹ ò kúkú tíì fi ránṣẹ́. A lè tún yàrá tì."

Julianah rántí ìyá Òkìkí, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ọmọ Aba, tí kànga míì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tó sì máa ń ru korobá kọjá ibẹ̀ wá sí ilé ìwòsàn, nítorí pé nọ́ọ̀sì ló ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sínú àká ìwádìí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì falẹ̀, wọ́n ń wò ó. Lẹ́yìn náà, èsì wọlé pé àká ti gba ìwé náà, pé wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó ṣí i fún gbogbo ènìyàn.

Kò dúró de ìyẹn. Ó pe ìyá Òkìkí lórí fóònù.

"Ẹ má pọn omi ilé ìwòsàn mọ́. Ẹ sọ fún gbogbo wọn."

"Ta ló ní ká má pọn ọ́n?"

"Dókítà ni."

"Èyí tó kú?"

"Òun ni. Ó ti dáhùn."

Ìyá Òkìkí ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ká máa pọn ọ́n?"

"Èmi ni," Julianah wí. "Ẹ kó ara yín jọ dè mí. Mò ń bọ̀."

Ó fi ọwọ́ ti àga, ó dìde, ó sì wá bàtà rẹ̀.