Fọ́tò Tí Màmá Aránṣọ Yà Lórí Òkè

Ọ̀rọ̀ orúnkún ló gbé Màmá Aránṣọ dé orí òkè. Orúnkún ọ̀tún ló ń dùn ún, kò sì jẹ́ tuntun, torí ọdún méjìlélógójì ló ti fi ẹsẹ̀ yẹn tẹ maṣíìnì. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ló sọ orúnkún di ẹjọ́. Èyí ẹ̀gbọ́n, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ní kò yẹ kí ìyá àwọn tún máa dá gbé nínú ilé tó ní àkàbà tó báyìí. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ wọnlẹ̀wọnlẹ̀, ní yàrá kan wà nílé òun, kí Màmá kó bọ̀, kí wọ́n ta maṣíìnì, kí wọ́n sì dá ilé padà fún onílé.

"Kí n wá máa ṣe kí ni nílé rẹ?" ni Màmá bi í.

"Kí ẹ máa sinmi ni, Màmá."

"Ìsinmi? Ẹ̀yìn ikú ni mo fi ti èmi sí. Mo ṣì ní aṣọ lọ́wọ́."

Wọ́n fà á títí, kò tán. Ìgbà tí ẹgbẹ́ àwọn àgbà àdúgbò wá ní àwọn fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ sí àwọn òkè ńlá tó wà lókèèrè, kí wọ́n lọ wo ìgbà ìwọ́wé, ìgbà tí igi ń pa àwọ̀ dà kó tó tú sí ìhòòhò, Màmá pe àwọn ọmọ jọ. Ó ní, "Ẹ gbọ́ o. Bí ẹsẹ̀ mi bá gbé mi dé orí òkè yẹn, orí gan-an ni mo wí, kí ẹnikẹ́ni má tún sọ fún mi pé kí n fi ilé mi sílẹ̀ mọ́. Bí kò bá gbé mi dé bẹ̀, ọwọ́ ara mi ni n ó fi di ẹrù."

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà. Ó ti bá àwọn kan wọn ilẹ̀ ẹsẹ̀ òkè yẹn rí, ó mọ bó ṣe ga tó. Ó ti dá a lójú pé ẹjọ́ ti parí. Ó pe ìyàwó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kó bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ yàrá mọ́.

Màmá lọ, ó sì bọ̀. Nígbà tí onífọ́tò fọ fọ́tò tán, ó di ọjọ́ Àìkú, gbogbo wọn pé sí pálọ̀ Màmá. Pálọ̀ náà kò fẹ̀. Maṣíìnì ló gba ojú fèrèsé, tábìlì ìgéṣọ gba àárín, agolo bísíkíìtì tí òwú kún inú wọn tò sí ara ògiri, píìnì sì wà lára kọ́tìnì bí eéṣú. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó ní láti kọ́kọ́ fi ọwọ́ gbá àga wò. Àlejò kan wà pẹ̀lú wọn, ìyẹn Tíṣà, ọ̀rẹ́ Màmá, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Òun àti Màmá ni wọ́n jọ jókòó nínú ọkọ̀ lọ, tí wọ́n jọ jókòó bọ̀.

Nọ́ọ̀sì tú àpò fọ́tò. Mẹ́rìnlélógún ni. Ó ń wò wọ́n, ó ń kì wọ́n sí ẹ̀yìn ara wọn bí ẹni ń ta káàdì.

"Ewé. Ewé. Ewé mìíràn. Igi. Ewé. Màmá, ó rẹwà o, èmi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín dà?"

"Èmi ni mò ń yà á. Ta ni kó wá yà mí?"

Kámẹ́rà tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló gbé lọ, èyí tó ń lo fíìmù. Fóònù tirẹ̀ kò mọ̀ ju kó dún, kó sì tan tọ́ọ̀ṣì.

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tún ìjókòó ṣe. "Tíṣà ńkọ́? Ṣé ẹ jọ dé orí òkè ni?"

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Nọ́ọ̀sì dá a lóhùn kí ó tó wúkọ́ tán. "Tíṣà ti sọ fún mi lórí fóònù. Wọ́n ní ahéré onípáànù tó wà ní àárín òkè ni gbogbo wọn dúró sí. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó kọjá ibẹ̀."

Màmá yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ohun tí ojú mi rí ni mo sọ."

"Ojú rẹ wo? Èyí tó pa dé yẹn? Nígbà tí mo dìde níbẹ̀, ìhanrun rẹ ń mi páànù. Nígbà tí mo fi máa padà dé, o ṣì wà lẹ́nu ẹ̀."

"Mo kàn dijú díẹ̀ ni."

"Díẹ̀! Oòrùn kúrò lápá ọ̀tún rẹ, ó bọ́ sí apá òsì, o ní díẹ̀!"

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, mo lè ti sùn lóòótọ́. N kò kàn rí ọ kí o gòkè ni. N kò sì lè jẹ́rìí ohun tí n kò rí."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ há sí. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀, ohùn tí wọ́n fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, ìyẹn gan-an ló sì dun Màmá. Ó ní, "Màmá, kì í ṣe pé a pè yín ní onírọ́. Ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́ tèmi, ohun tí a bá wọ̀n la mọ̀. Igi ò ṣọ̀wọ́n. Ẹ lè jókòó sí ẹnu ọ̀nà ahéré kí ẹ ya gbogbo èyí. Ẹ gbìyànjú gan-an. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni n ó gbé ọkọ̀ wá."

Màmá rí yàrá yẹn lójú inú. Yàrá tó mọ́, tó ní fèrèsé tó kọjú sí ògiri. Ó rí ara rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, tó ká ọwọ́ méjèèjì lé ẹsẹ̀, tó ń dúró de oúnjẹ. Lẹ́yìn náà ni inú wá bí i. Ó dìde, ó gba fọ́tò lọ́wọ́ ọmọ, ó gbá gbogbo èérún aṣọ kúrò lórí tábìlì ìgéṣọ.

"Ẹ súnmọ́ ibí. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀, o ní ohun tí o bá wọ̀n lo mọ̀. Wá wọ̀n ọ́n."

Ó mú fọ́tò kan, ó tì í síwájú ọmọbìnrin rẹ̀. "Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ewé, Màmá."

"Kí ló wà lórí ewé?"

Nọ́ọ̀sì gbé e súnmọ́ ojú. "Ó dà bíi... òwú?"

"Òwú mi ni."

Ọ̀rọ̀ òwú yìí ní ìtàn. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ìyàwó tuntun kan mú fọ́tò wá, ó ní àwọ̀ aṣọ inú rẹ̀ gẹ́lẹ́ lòun fẹ́. Màmá ra aṣọ tó bá fọ́tò mu rẹ́gí. Ọjọ́ tí wọ́n gbé aṣọ ti fọ́tò gangan jáde, pupa iná ni, èyí tí Màmá rán sì rí bí irin tó dógùn-ún. Ìyàwó sunkún, Màmá sunkún. Láti ọjọ́ náà, kò gba àwọ̀ inú fọ́tò gbọ́ mọ́, àfi tí ohun tí òun mọ̀ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi wé onírúurú òwú mọ́ páálí lọ sí òkè. Níbikíbi tó bá ti fẹ́ ya ewé, a wá òwú tó bá àwọ̀ ewé náà dọ́gba, a tẹ́ ẹ lé e lórí, kó tó ya fọ́tò.

Ó ṣí agolo, ó kó òwú jáde. Kò mọ nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára wọn kà, òun fúnra rẹ̀ ló sọ wọ́n lórúkọ, orúkọ náà ni gbogbo ilé sì ń pè wọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to fọ́tò bí ẹni ń to awẹ́ aṣọ tó fẹ́ rán, ó ń fi òwú sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Kòríko rèé. Ẹsẹ̀ òkè nìyí, níbi tí ọkọ̀ já wa sí. Gbogbo ewé ibẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Inú-Ẹyin rèé, èyí ni ti ahéré. Tíṣà, ewé wo ló wà níbi tí o sùn sí?"

"Bí inú ẹyin gẹ́lẹ́," ni Tíṣà wí. "Mo tiẹ̀ mú ẹyọ kan sínú Bíbélì mi."

"Pupa ńkọ́? Ṣé o rí pupa níbẹ̀?"

"Pupa kẹ̀? Òkè lọ́hùn-ún la ti ń wò ó, bí ìgbà tí èèyàn ń wo iná nílé onílé."

Màmá gbé fọ́tò mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ewé wọn ń jó bí ẹyin iná. Ó fi òwú kan lé wọn. "Ẹyin-Iná rèé. Òwú mi ló wà lórí rẹ̀ yẹn. Bí mo bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ahéré, ṣé apá mi gùn tó láti ibẹ̀ dé orí ewé pupa?"

Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ rí ọ̀nà. "Màmá, ewé a máa já. Atẹ́gùn lè gbé e wá bá yín nísàlẹ̀."

"Ọmọ mi, o gbọ́n, èmi ni mo bí ọ. Wo ẹsẹ̀ ewé náà."

Nọ́ọ̀sì wò ó. Ewé ò já. Orí ẹ̀ka ló wà, ẹ̀ka wà lára igi, igi sì dúró sójú rẹ̀.

"Òkè kì í ti ẹsẹ̀ bọ́ṣọ," ni Màmá wí. "Orí ló ti ń bọ́ ọ. Òtútù òkè ló ń kọ́kọ́ mú un. Nítorí náà, bí o bá fẹ́ mọ ibi tí mo dé, má wo ẹsẹ̀ mi, wo ewé. Bàtà-Sọ́jà rèé, ewé ti gbẹ. Èyí rèé, ó ku mẹ́ta lórí igi, mo kà á. Èyí tó kẹ́yìn rèé, kò sí ewé kankan. Mi ò rí ohun tí mo lè tẹ́ òwú lé mọ́, mo bá so gbogbo wọn mọ́ ẹ̀ka."

Ó wá sọ bó ṣe rí fún wọn. Ó ní lẹ́yìn ahéré, òun nìkan ló kù lójú ọ̀nà. Ó ní òun jókòó lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Lẹ́ẹ̀kẹta, torí kò sẹ́ni tó ń wo òun, òun sunkún díẹ̀, òun nu ojú, òun fi aṣọ di orúnkún, òun bá orúnkún wí. "Mo ní, ìwọ orúnkún yìí, ṣé ìwọ lo fẹ́ tà mí fún wọnlẹ̀wọnlẹ̀?" Ìgbà tó dé òkè téńté, atẹ́gùn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gèlè lórí rẹ̀. Ó bojú wo ìsàlẹ̀, ó rí gbogbo àwọ̀ tó ti ń fi ọwọ́ rán láti kékeré, wọ́n tẹ́ sílẹ̀ lọ títí dé ibi tí ojú mọ, kò sì sí ẹni tó gé wọn. Ó ní òun pariwo, òkè sì dá òun lóhùn.

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ kò gbọ́ gbogbo ìyẹn mọ́. Fọ́tò tó kẹ́yìn ló gbé lọ́wọ́. Ó mú dígí tí Màmá fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, èyí tó ń sọ kékeré di ńlá, ó gbé e lé abẹ́ ẹ̀ka tí òwú wà. Ó rí nǹkan tó ń dán níbẹ̀, kò tó orí ìṣáná.

"Màmá, kí ni èyí?"

"Páànù tí Tíṣà sùn sí abẹ́ rẹ̀ ni."

Tíṣà sáré wá wò ó. "Yéè! Páànù náà ni. Wo ibi tó ti rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wá kéré báyìí?"

Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ fa rúlà, ó fa pépà tí Màmá fi ń gé àwòrán aṣọ, ó fi ṣọ́ọ̀kì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ó wọn páànù, ó wọn ẹ̀ka, ó parẹ́, ó tún kọ ọ́. Ètè rẹ̀ ń mì bí ti ọmọ tó ń ka ìwé. Nígbà tó yá, ó gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀.

"Àǹtí," ló wí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò tíì lè wo ojú ìyá rẹ̀. "Màmá dé ibẹ̀."

"Ó dá ọ lójú?"

"Mo wọ̀n ọ́n. Ibi tí èmi gbé irinṣẹ́ dé nígbà yẹn, ìdajì ibi tí wọ́n dé kọ́ nìyẹn. A ní àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́fà lọ́wọ́, wọ́n ní ó ti tó."

Ni Tíṣà bá hó yèè! Ó gbá Màmá mọ́ra, ó ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. "Ọ̀rẹ́ mi, dárí jì mí! Kí ló dé tí o ò jí mi?"

"Mo jí ọ. O ní kí n fi ọ sílẹ̀, pé agogo ìsinmi ni."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ lé orúnkún ìyá rẹ̀, ó ní, "Orúnkún, ẹ kú iṣẹ́." Àbúrò rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí èérún aṣọ, píìnì gún un ní ikùn, ó pariwo, gbogbo ilé tún gba ẹ̀rín.

Màmá jókòó sórí àga maṣíìnì rẹ̀ bí ọba. "Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, ọmọdé kò lè rí i lórí ìdúró. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi ò jókòó. Mo dìde, mo gòkè, mo lọ rí tèmi. Dìde, ọmọ mi. Pe ìyàwó mi."

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n délé ná, n ó sọ fún un."

"Nísinsìnyí. Lójú ẹsẹ̀ lo pè é ní kó palẹ̀ yàrá mọ́. Gbé ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wa gbọ́."

Ó pè é. Fóònù dún, ìyàwó gbé e. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ wú ikọ́. "Ẹ̀n-ẹ́n... Màmá dé orí òkè. Mo ti wọ̀n ọ́n. Wọ́n borí. Wọn ò kó bọ̀ mọ́."

Ìyàwó kò tiẹ̀ dá ọkọ lóhùn. "Màmá! Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi? Ẹ kú orí ire o! Mi ò tíì gbé páálí kan kúrò nínú yàrá yẹn. Mo sọ fún ọmọ yín pé kó ní sùúrù, mo ní òun ló máa kọ́kọ́ rẹ̀, pé kì í ṣe ẹ̀yin. Èwo ló pupa jù nínú àwọn fọ́tò yẹn? Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀, pálọ̀ ni n ó gbé e kọ́ sí, kí ọmọ yín máa wò ó nígbàkígbà tó bá ń jẹun."

Màmá Aránṣọ mú Ẹyin-Iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó gbé wọn sókè sí ojú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè tàn sí wọn lára, ó sì fara balẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èyí tó pupa jù.