Aṣọ Funfun Ohùn Pẹ̀lẹ́

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọmọbìnrin náà wá. Ó dá mi lójú, nítorí pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo máa ń tẹ́ àwọn ìwé àti àwòrán àtijọ́ ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ kí ọ̀rinrin má baà jẹ wọ́n. Mo ti tẹ́ wọn láti ìdí àga dé abẹ́ fèrèsé nígbà tí ó kan ilẹ̀kùn. Ọmọ Ohùn Pẹ̀lẹ́ ni, olórin tí ó máa ń wọ funfun láti òkè délẹ̀, tí ó sì ń fi gìtá kan ṣoṣo kọrin bí ẹni tí ń bá ọmọ tí ó ń tòògbé sọ̀rọ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí olórin náà ti kú. Ẹ̀gbọ́n mi, tí ó ya àwòrán ara páálí àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́, ti ṣáájú rẹ̀ lọ.

"Mà, ẹ̀yin nìkan lẹ kù o," ni ó wí, bí ó ti ń wá ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ sí láàárín àwọn ìwé. "Gbogbo àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí àwo yẹn ti lọ tán."

"Rọra, ọmọ mi, má tíì kà mí mọ́ wọn. Jókòó."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì jókòó. Ó ṣàlàyé pé àwọn fẹ́ tún àwo náà tẹ̀ jáde, àti pé àwọn rí fíìmù àwòrán náà gan-an nínú àpótí bàbá òun. Ó wá fa ìwé ńlá kan tí wọ́n tẹ àwòrán náà sí yọ láti inú báàgì, ó sì tẹ́ ẹ sórí itan mi.

Ohùn Pẹ̀lẹ́ ni ó jókòó sórí àga níbẹ̀, ní ọ̀dọ́, níwájú ògiri aláwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n kò wọ funfun. Kóòtù àti ṣòkòtò yẹ́lò ni ó wọ̀, yẹ́lò tí ó ń pariwo bíi pupa ẹyin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ sínú àwo.

"Ẹ wò ó," ni ọmọbìnrin náà wí, inú rẹ̀ ń dùn. "Páálí àtijọ́ yẹn ti ṣá ni gbogbo wa ò fi mọ̀. Èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé bàbá mi wọ yẹ́lò rí láyé! A ti tún un ṣe, ó ti padà sí bí ẹ̀gbọ́n yín ṣe fẹ́ ẹ. Ẹ kàn bá mi fọwọ́ sí i pé bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Màá kọ ọ́ sí ẹ̀yìn páálí. Ọ̀la ni wọ́n máa tẹ̀ ẹ́."

Ó na bírò sí mi. Mo gbà á, n kò sì lè fi kọ nǹkan kan.

Páálí àtijọ́ náà kò ṣá. Bí ó ti rí ní ọjọ́ tí ó jáde ní ilé ìtẹ̀wé ni ó ṣe rí títí di òní. Èmi ni mo mọ ìdí rẹ̀, n kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà kí ẹ̀gbọ́n mi tó mú mi sí ọ̀dọ̀. Yàrá kan ni ó fi ń ya àwòrán, ilé ìtẹ̀wé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ sì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ nínú ọgbà kan náà. Kò jẹ́ gbé kámẹ́rà sójú fún olórin kankan bí kò bá tíì fi ojú dídì gbọ́ àwo rẹ̀ nígbà mẹ́ta. Fún ẹgbẹ́ kan tí fèrè wọn ń dún kíkankíkan, ó dùbúlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì ya ẹnu fèrè náà títí ó fi tóbi bí abọ́ ìwẹ̀. Fún àwọn obìnrin mẹ́rin kan tí ń jùmọ̀ kọrin, ẹnu wọn nìkan ni ó yà, ẹnu mẹ́rin lórí ìlà kan.

"Àbúrò," ni ó máa ń wí fún mi, "ẹni tó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Páálí yìí ló máa kọ́kọ́ kọrin fún un."

Nígbà tí ó gbọ́ Ohùn Pẹ̀lẹ́ nígbà kẹta, kò la ojú rẹ̀ bọ̀rọ̀. Ó ní ó dà bí ẹni pé òun wà nínú ilé tí gbogbo ènìyàn ti jáde lọ, tí a gbàgbé fèrèsé kan ní ṣíṣí. Ṣùgbọ́n Alága, ọkùnrin tí ó ni ilé-iṣẹ́ tí ń gbé àwo jáde, kò wá ilé tí ó dá páropáro. Òun ni ó mú kóòtù yẹ́lò wá. Òun ni ó ní kí a kun ògiri ní àwọ̀ ewé.

"Wọ́n gbọ́dọ̀ rí i láti òdì kejì títì!" ni ó wí.

"Wọ́n á rí i, Alága," ni ẹ̀gbọ́n mi dáhùn. "Wọ́n á wá gbé àwo sórí ẹ̀rọ, wọ́n á máa béèrè ibi tí ẹni tí wọ́n rí wà."

"Ìwọ ṣáà yà á. Èmi ni màá tà á."

Ó yà á bẹ́ẹ̀. Fún gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, kò bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà.

Mo fẹ́ ṣàlàyé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ìgbà náà bí mo ti mọ̀ ọ́n. Àwọ̀ mẹ́rin ni a fi ń tẹ àwòrán: yẹ́lò, pupa, búlúù àti dúdú. Ẹ̀rọ wa kò lè tẹ̀ ju ọ̀kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Yẹ́lò ni a kọ́kọ́ ń tẹ̀. Bí ó bá gbẹ, a ó dá ìwé kan náà padà fún pupa, lẹ́yìn náà fún búlúù, dúdú ni yóò sì kẹ́yìn. Iṣẹ́ tèmi ni láti yẹ ìwé wò lẹ́yìn àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí n sì fi àmì sí inú ìwé iṣẹ́ pé ó ti parí.

Yẹ́lò wá ní ìwà tirẹ̀. Lábẹ́ gílóòbù, ojú kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i lórí ìwé funfun, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ gílóòbù fúnra rẹ̀ ní yẹ́lò nínú. Ìwé tí a tẹ̀ àti ìwé tí a kò tẹ̀ a máa jọ ara wọn. Nítorí náà, òfin Bàbá Ẹlẹ́rọ, ọkùnrin tí ó ń darí ẹ̀rọ náà, kò ju ẹyọ kan lọ: "Gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ojú ọjọ́ ni kó o fi wo yẹ́lò, má fi iná wò ó."

Ní ọjọ́ tí à ń wí yìí, òjò ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n rán an níṣẹ́. Mo bá òkìtì ìwé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, páànù tí a fi ń tẹ yẹ́lò sì wà lẹ́nu ẹ̀rọ. Bàbá Ẹlẹ́rọ kò sí níbẹ̀. N kò mọ̀ pé eyín ló ń ro ó tí ó fi sáré lọ sílé, àti pé kò tíì tẹ nǹkan kan. Mo mú ìwé kan. Mo wo ẹnu ọ̀nà, omi ń ya wọlé. Bí òjò bá kán sí ìwé náà, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo gbé e sábẹ́ gílóòbù. Mo wò ó títí, ojú mi sì rí ohun tí ó fẹ́ rí. Mo fi àmì sí i: yẹ́lò ti parí.

Ní ọjọ́ kejì, Bàbá Ẹlẹ́rọ dé pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú. Ó rí àmì mi, ó rò pé ẹnìkejì òun nídìí ẹ̀rọ ti bá òun tẹ̀ ẹ́, ó sì bọ́ sórí pupa. Òjò kò dá jálẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà. Abẹ́ iná ni gbogbo iṣẹ́ náà ti parí.

Ọjọ́ tí oòrùn yọ ni a gbé ìwé náà síta láti gé e. Igbe Bàbá Ẹlẹ́rọ ni ó kó gbogbo wa jọ. Kóòtù yẹ́lò ti di funfun báláú. Ògiri aláwọ̀ ewé ti di búlúù, bí ojú ọ̀run nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ mọ́. Ojú olórin náà dúdú tútù láàárín wọn, bí ẹni tí ó jí kí gbogbo ilé tó jí.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣí ìwé iṣẹ́. Ó rí àmì mi. Ó pa ìwé náà dé, kò sì wò mí. Ó gbé páálí kan wọ yàrá rẹ̀, ó fi àwo náà sórí ẹ̀rọ orin rẹ̀, ó sì jókòó tì í títí ojú kìíní fi parí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìdí mi kò sì gba ìjókòó.

Nígbà tí Alága àti Ohùn Pẹ̀lẹ́ dé, olórin náà ni ó kọ́kọ́ ya ẹnu.

"Ẹ̀gbọ́n, aṣọ mi dà? Ta ló bọ́ aṣọ lára mi?"

"Jókòó, gbọ́ ara rẹ ná," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, ó sì tún gbé àwo náà sí i. Olórin náà ń wo páálí, ó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

"Ṣé bí mo ṣe ń dún nìyí?" ni ó béèrè jẹ́jẹ́.

"Bẹ́ẹ̀ náà ni. Bí mo ṣe fẹ́ kó rí náà nìyẹn."

Alága jiyàn títí ẹnu fi rẹ̀ ẹ́. Àwo náà jáde bẹ́ẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń béèrè fún "aláṣọ funfun yẹn." Ohùn Pẹ̀lẹ́ dá aṣọ funfun méjì, ó di mẹ́rin, kò sì wọ àwọ̀ mìíràn mọ́. Nínú àwo rẹ̀ kejì, ó yọ gbogbo fèrè tí ó wà nínú ti àkọ́kọ́ kúrò, ó ṣẹ́ku gìtá nìkan. Ìwé ìròyìn yin ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá bi í bí ó ti ronú kan funfun náà. Títí ó fi kú, kò bi mí léèrè nǹkan kan.

Gbogbo èyí ni ó ń yí lọ́kàn mi, bírò sì wà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá sọ òtítọ́, mo gba iyì lọ́wọ́ òkú. Bí mo bá sì fọwọ́ sí i, mo tún fi àmì sí ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, lẹ́ẹ̀kejì.

"Ṣé kò dáa ni, Mà?" ni ọmọbìnrin náà béèrè.

Mo dìde. Mo mú páálí àtijọ́ láti ilẹ̀, mo fi í ti èyí tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì gbé àwo náà sórí ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n mi. Ohùn bàbá rẹ̀ jáde. Ojú rẹ̀ ń lọ láti ọ̀kan sí èkejì. Nígbà tí orin kejì máa bẹ̀rẹ̀, ó ti dojú èyí yẹ́lò dé.

Nígbà náà ni mo sọ fún un: òjò, gílóòbù, àmì, gbogbo rẹ̀. N kò fi ọ̀kan pamọ́. Ó wo páálí funfun náà, ó sì tún wò mí.

"Ẹ̀yin," ni ó wí níkẹyìn. "Ẹ̀yin lẹ fa gbogbo aṣọ funfun yẹn?"

"Èmi ni, ọmọ mi. Má bínú."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé ìyá mi ló fọ wọ́n? Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n! Ó máa ń dúró nídìí okùn aṣọ, á ní ẹni tó ki funfun bọ ọkọ òun lọ́rùn, ọjọ́ tóun bá rí i, ẹni náà ni yóò máa fọ aṣọ òun àti ti gbogbo ilé òun. Mà, ẹ múra o. Màmá mi ṣì wà láyé, apá rẹ̀ sì ṣì le."

Ẹ̀rín gbé mi, omi sì bọ́ lójú mi pẹ̀lú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Ó sọ fáyé pé òun ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀."

"Ṣebí òun ló gbé àwo sí i, tó wò ó, tó ní kí wọ́n má tún un tẹ̀? Ó fẹ́ ẹ lóòótọ́. Kò kàn mọ bí yóò ṣe rí i ni." Ó fa ìwé kékeré yọ. "Funfun là ń tẹ̀ lọ́la. Kí ni kí n kọ sẹ́yìn rẹ̀?"

Mo ro ó, mo sì sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ kí ó má baà ṣì í. Ó kọ ọ́ pé ẹ̀gbọ́n mi ni ó ya àwòrán. Pé Bàbá Ẹlẹ́rọ ni ó tẹ pupa, búlúù àti dúdú. Pé àbúrò ayàwòrán ni ó fi àmì sí yẹ́lò tí a kò tẹ̀, ayàwòrán sì gbọ́ orin náà, ó ní kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ fọwọ́ sí i báyìí," ni ó wí.

Gílóòbù ń tàn lókè orí wa. Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fo àwọn àwòrán tí ó wà nílẹ̀ kọjá, mo gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà, mo sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ lójú oòrùn kí n tó fọwọ́ sí i.