Eégbọn Etí Àgbò Àsíátù

Bí ẹ bá fẹ́ kí Àsíátù bá yín jà, ẹ sọ fún un pé àgbò rẹ̀ rù. Ní Ẹnu Ọwá, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kò sí ẹni tí ó dán an wò tí ó tún dán an wò lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ àgùntàn tí kò tíì lè dá koríko jẹ ni ó rà lọ́wọ́ Hausa kan. Ó fi ẹ̀kọ mímu tọ́ ọ, ó sì ń kó èèpo iṣu àti èèpo ẹ̀wà bọ̀ fún un láti ọjà Sandgrouse, níbi tí ó ti ń ta ata gbígbẹ, títí ó fi di àgbò oníwo gidi. Ọlọ́lá ni ó sọ ọ́. Bí ó bá ti ọjà dé, kì í kí ènìyàn kan kí ó tó kí Ọlọ́lá. Yóò jókòó tì í ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò gbé orí lé e lọ́rùn, yóò sì máa ro ẹjọ́ ọjà fún un. Mo mọ obìnrin tí ó ní ọkọ nílé tí kò rí irú etí bẹ́ẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Ìdí tí ó fi fẹ́ràn àgbò náà kò pamọ́. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ẹran ẹlẹ́ran ni ó ń jẹ ní ọdún Iléyá. Àwọn ọkùnrin ilé á pa àgbò wọn, wọ́n á pín in, ohun tí ó bá ṣẹ́kù ni wọ́n á fi abọ́ gbé wá fún opó. Lọ́dún kan, egungun ọrùn ni wọ́n gbé wá fún un, ẹran ara rẹ̀ kò sì tó ológbò jẹ. Àsíátù wo abọ́ náà, ó dúpẹ́, ó sì pinnu lọ́kàn pé kí òun tó kú, òun náà yóò pa àgbò, orúkọ òun ni wọn yóò sì pè sí i.

Yẹ̀kínì, àbúrò ọkọ rẹ̀ tí ó ti di olórí ilé, bi í pé, "Obìnrin wo ló ń pa àgbò nílé yìí, Ìyá Jíbrílù?"

Àsíátù kò bá a jiyàn. Ó kọjá sí ọ̀dọ̀ Àlùfáà Mọ̀núrù, ìmáàmù mọ́sáláṣí àdúgbò. Àlùfáà ní kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀, bí àgbò náà bá ti jẹ́ tirẹ̀, tí kò sì ní àbùkù. Kò gbọdọ̀ fọ́jú, kò gbọdọ̀ yarọ, etí rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ gé. Nígbà tí Yẹ̀kínì gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí ọjọ́ ó pé ná. Láti ìgbà náà, bí ó bá ń kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó máa ń tẹjú mọ́ Ọlọ́lá bí ẹni tí ń wá ihò lára aṣọ ẹlòmíràn.

Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà tí Ọlọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn orí. Àsíátù yẹ etí rẹ̀ wò, ó rí eégbọn kan nínú etí òsì, ó ti wú tó hóró ẹ̀wà, àwọn kéékèèké sì tò tì í. Gbogbo àdúgbò ni ó rántí àgbò ẹnìkan ní òpópónà Adéníji Adélé ní ọdún tí ó kọjá. Eégbọn wọ̀ ọ́ létí, ẹni tí ó ni ín ní kí òun fi iná sìgá lé e jáde, àgbò jà, iná ran etí, etí sì rà. Kí ọjọ́ ọdún tó pé, ìdajì etí ti já bọ́. Àlùfáà ní kò ṣeé fi ṣe ọdún mọ́, alápatà ni wọ́n tà á fún.

Síbẹ̀, sìgá náà ni Yẹ̀kínì kọ́kọ́ fà yọ.

"Ẹ gbé e wá, Ìyá Jíbrílù. Bí iná bá ti kàn án báyìí, á já bọ́."

"Ọkọ mi, ẹ máa mu sìgá yín," ni Àsíátù dá a lóhùn. "Etí àgbò mi kì í ṣe àwo eérú."

"Ó dáa, ẹ fi kẹrosíìnì pa á. Kẹrosíìnì kì í jó etí."

Èyí wọ Àsíátù létí. Ó rẹ òwú sínú kẹrosíìnì, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ eégbọn náà. Eégbọn kò mira. Ọlọ́lá ni ó mira, ó fò sókè, ó sì da ìkòkò omi nù. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, inú etí náà ti pọ́n, awọ rẹ̀ sì ń bó. Àsíátù jókòó tì í, kò lè jẹun. Ó ti ń rí abọ́ egungun ọrùn lọ́kàn rẹ̀.

Ẹni tí ó wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ ni Memunat, ìyàwó Jíbrílù. Jíbrílù ni ọmọ kan ṣoṣo tí Àsíátù bí, alágbẹ̀dẹ wúrà ni, ìsọ̀ rẹ̀ sì wà ní yàrá iwájú ilé náà. Ìsẹ́yìn ni ó ti fẹ́ Memunat wá. Àsíátù kò kórìíra ọmọ náà, ṣùgbọ́n ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tí òun mọ ilé bàbá rẹ̀ ni ó wù ú kí ọmọ òun fẹ́. Láti ìgbà tí Memunat ti wọlé, Àsíátù kò tíì fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ rí. "Ìyàwó" ni ó ń pè é. Bí inú rẹ̀ kò bá dùn, á di "ará òkè".

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kẹrosíìnì sí i mọ́," ni Memunat wí. "Bí a bá ni eégbọn lára, ńṣe ló máa ń bì sínú ara ẹran. Ẹ jẹ́ kí n bá yín yọ ọ́."

"Níbo lo ti mọ̀ ọ́n yọ?"

"Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ọdẹ ni wọ́n. Èmi ni mo máa ń yọ eégbọn lára àwọn ajá wọn."

Ọ̀rọ̀ ajá yìí ni ìbá má sọ. Ojú Àsíátù yí padà.

"Ajá lo wá ń fi Ọlọ́lá wé? Ẹ̀yin ará òkè lẹ mọ eégbọn. Dìde, ìyàwó, lọ wo ọbẹ̀ rẹ níná."

Memunat dìde. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò ní dá sí i mọ́. Eégbọn so mọ́ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lẹ́nu, wọ́n ní kí adìyẹ wá já a. Adìyẹ tí ó bá mọ ara rẹ̀ á jókòó jẹ́ẹ́.

Memunat ìbá jókòó jẹ́ẹ́ lóòótọ́, bí kì í bá ṣe àlùwàlá. Òun ni ó máa ń bu omi sí bútà fún ìyá ọkọ rẹ̀ nígbà ìrun. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Àsíátù fọ ọwọ́, ó yọ ẹnu, ó bọ́ ojú, ó fọ apá, ó fi omi pa orí, ó nu etí ọ̀tún. Nígbà tí ó kan etí òsì, ó gbé ọwọ́ lọ síbẹ̀, kò jẹ́ kí ó kàn án, ó sì bọ́ sórí ẹsẹ̀. Àsíátù nìyẹn o, ẹni tí ó lè dá àgbàlagbà padà nídìí ìrun pé gìgísẹ̀ rẹ̀ gbẹ. Memunat tún ṣọ́ ọ nígbà ìrun tí ó tẹ̀ lé e, ohun kan náà ni ó ṣe. Ó wò ó bí ó ṣe fa ìborí bo etí òsì dáadáa. Ó wá rántí bí ìyá náà ṣe máa ń gbé orí lé ọrùn Ọlọ́lá, ọ̀rọ̀ náà sì yé e. Àánú rẹ̀ ṣe é ju bí inú ṣe ń bí i lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ ìsọ̀ ọkọ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní ẹ̀mú yín, èyí tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín yẹn."

Jíbrílù kò gbé ojú kúrò lára òrùka tí ó ń ṣe. "Èyí tí mo fi ń mú wúrà? Kí lo fẹ́ fi mú?"

"Ohun tó wà lára ẹni tó ju wúrà lọ."

"Màmá mi ti ní kí o má fọwọ́ kan Ọlọ́lá."

"Mi ò sọ pé Ọlọ́lá ni."

Jíbrílù wá gbé ojú sókè. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ìhà yàrá ìyá rẹ̀, ó sì na ẹ̀mú náà sí i láìbi í ní ohun mìíràn. Ọkùnrin náà ní ọgbọ́n tirẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í sábà ná an.

Nígbà tí àwọn ará ilé ti jáde, Memunat gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ, òwú àti ìgò áyódíìnì tí wọ́n fi ń kun ojú egbò wọ yàrá Àsíátù, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Màámi, etí òsì yín ńkọ́?"

"Kí ló ṣe etí mi?"

"Ẹ ò fọwọ́ kàn án nígbà àlùwàlá."

Àsíátù wo ilẹ̀kùn bóyá ó tì dáadáa. "Ta lo sọ fún?"

"Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, Màámi. Mi ò sì ní sọ."

Ìyá náà ṣí ìborí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn etí, níbi tí irun ti pin, eégbọn kan jókòó síbẹ̀, ara sì ti pọ́n yí i ká.

"Mo fi èékánná fà á, ó kọ̀," ni Àsíátù wí. Ohùn rẹ̀ kò jọ ohùn tí ó fi ń bá gbogbo Ẹnu Ọwá jà. "Mo fi kẹrosíìnì pa á, ó kọ̀. Èmi ọmọ Èkó, eégbọn lára mi bí ajá ìta. Bí Yẹ̀kínì bá gbọ́, á ní ẹni tí eégbọn ń jẹ ló fẹ́ wá pa àgbò."

"Màámi, eégbọn ò mọ ọmọ Èkó, kò mọ ará òkè. Ẹ̀jẹ̀ ló ń wá. Ẹ sún mọ́ fèrèsé díẹ̀."

Memunat fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó tẹ etí ìyá náà síwájú, ó ti ẹnu ẹ̀mú bọ abẹ́ eégbọn náà, níbi tí ẹnu rẹ̀ ti wọ ara gan-an, kò sì jẹ́ kí ẹ̀mú kan ikùn rẹ̀. Ó ń ṣàlàyé bí ó ti ń ṣe é, kí ọkàn ìyá lè balẹ̀. Bí òun bá tẹ ikùn rẹ̀, ìdọ̀tí inú rẹ̀ ni yóò tú sí ìyá lára. Bí òun bá lọ́ ọ, ẹnu rẹ̀ lè kán sínú. Ó fà á sókè tààrà, díẹ̀díẹ̀, láìjá a gbà. Awọ ara tẹ̀ lé e sókè díẹ̀, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Memunat gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó rí i pé ẹnu rẹ̀ pé, ó sì jù ú sínú ìdérí ìgò kan tí kẹrosíìnì wà.

"Ibí ni kẹrosíìnì ti wúlò, Màámi."

Ó fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀, ó sì fi áyódíìnì kùn ún. Ó ní bí ara ìyá bá gbóná, tàbí tí ojú ibẹ̀ bá tún wú ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i, kí ó má ṣe pè é ní ibà lásán, kí àwọn tètè lọ sọ fún dókítà pé eégbọn ló bù ú jẹ.

"Kò tilẹ̀ dùn mí," ni Àsíátù wí, bí ẹni tí wọ́n tàn jẹ tẹ́lẹ̀. Ó fọwọ́ kan etí rẹ̀, ó wo Memunat fún ìgbà pípẹ́, ó sì tún ìborí rẹ̀ wé. "Gbé ẹ̀mú yẹn, ìyàwó. Ọlọ́lá ń dúró."

Àsíátù fúnra rẹ̀ ni ó gbé orí àgbò náà lé itan, tí ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ létí ọ̀tún, nígbà tí Memunat ń yọ ti etí òsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Yẹ̀kínì ti ìta wọlé bá wọn, ó dúró lé wọn lórí.

"Ẹ̀mú wúrà lẹ fi ń yọ eégbọn?"

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́," ni Àsíátù wí, "ẹ ń dí wa ní ìmọ́lẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì ni ó jọ ń fọ etí Ọlọ́lá, tí wọ́n sì ń fi òrí pa á. Wọ́n jó koríko tí ó ń sùn lé, wọ́n gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́, wọ́n sì ń yẹ ara rẹ̀ wò ní àràárọ̀, lábẹ́ apá àti lábẹ́ ìrù. Wọ́n á sì yẹ ara tiwọn náà wò. Etí náà kọ́kọ́ ṣe omi, ẹ̀rù bà wọ́n. Nígbà tí ó yá, ó gbẹ, ó sé èèpá, èèpá sì bọ́. Àsíátù bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun dáadáa.

Ní ọjọ́ Iléyá, lẹ́yìn tí wọ́n ti kírun tán ní yídì, Àlùfáà Mọ̀núrù wọlé pẹ̀lú ọ̀bẹ rẹ̀. Ó wo eyín Ọlọ́lá, ó wo ojú rẹ̀, ó mú un rìn. Ó yí etí òsì sóde. Yẹ̀kínì na ọrùn. Láàárín àwọn obìnrin, Memunat di etí ìró rẹ̀ mú pinpin.

"Kí ló ṣe é níbí?"

"Eégbọn ni, Àlùfáà," ni Àsíátù dáhùn. "A yọ ọ́."

"Ẹ yọ ọ́ dáadáa. Etí yìí pé." Ó fi ọwọ́ pa orí àgbò náà. "Orúkọ ta ni kí n pè?"

Kò sí ẹni tí kò mọ èsì ìbéèrè yìí nínú ilé náà. Nítorí rẹ̀ ni Àsíátù ṣe ń ru èèpo iṣu láti Sandgrouse. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ yíjú padà wo ibi tí àwọn obìnrin dúró sí.

"Àlùfáà, ṣé ẹlòmíràn lè bá mi wà lórí rẹ̀?"

"Ẹni tó ni àgbò lè pa á fún ara rẹ̀ àti ará ilé rẹ̀."

"Ẹ pe Àsíátù," ni ó wí, gbogbo ilé sì gbọ́. "Kí ẹ sì pe Memunat, ọmọ mi."

Yẹ̀kínì ya ẹnu, ó sì pa á dé. Memunat dúró, ó ń wò ó. Kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ láti ẹnu yẹn rí, ó sì dùn mọ́ ọn ju bí ó ti rò lọ.

"Má dúró sọ́hùn-ún máa wò mí," ni Àsíátù pè é. "Wá bá mi di orí rẹ̀ mú. Ọwọ́ rẹ ti mọ́ ọn lára."

Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ ti Ọlọ́lá, wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí. Àlùfáà pe orúkọ wọn, ó ṣe bìsímílà, ó sì dú àgbò náà. Nígbà tí wọ́n dìde, omijé wà lójú Àsíátù. Ó sọ fún gbogbo ẹni tí ó bi í pé Ọlọ́lá ni òun ń sunkún fún, apá kan ọ̀rọ̀ náà sì jẹ́ òtítọ́.