Irọ́ àti Òótọ́ Inú Ìwé Jésùtómi

Rẹ̀mílẹ́kún ì bá má fọwọ́ kan ìwé náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí Jésùtómi ń dá rín sí i ti pọ̀ jù. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ọmọ kan ṣoṣo tí Rẹ̀mílẹ́kún bí, á jókòó sẹ́yìn ilé wọn ní Àyèká, á máa rẹ́rìn-ín sí ìwé. Bí ìyá rẹ̀ bá yọ, á pa á dé. Bí ò nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Nígbà tí ọmọ wọ sùtánà funfun rẹ̀ lọ kọ́ orin ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sàn-án Sátidé, ìyá wọ yàrá lọ, ó fa ìwé yọ lábẹ́ ìrọ̀rí.

Ìwé ìtàn àwọn ọ̀dọ́ ni. Desmond, àbúrò Rẹ̀mílẹ́kún, ló rà á fún ọmọ ní Àkúrẹ́. Ó dá lórí ọmọbìnrin kan, Adéìfẹ́, tí ìyá rẹ̀ ń ṣe pupuru tà, tí òun sì sá nílé lọ sí Ìbàdàn. Ara Rẹ̀mílẹ́kún bù máṣọ. Ṣebí pupuru lòun náà ń ṣe! Ta ló rán Desmond níṣẹ́?

Ó ní òun á ka ojú ewé méjì. Ó ka ogójì. Kò fẹ́ràn ẹ̀, kò sì lè gbé e sílẹ̀. Níbi tí ìyá Adéìfẹ́ ti ń pe orúkọ ọmọ káàkiri oko, omijé bọ́ lójú ẹ̀. Níbi tí òǹkọ̀wé ti ní ìyá náà ń yan pupuru nínú agbada bí ẹní ń yan gààrí, ó pòṣé.

“Ẹni yìí ò fẹ́ná rí láyé ẹ̀!”

Ta ni ò mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ tí a rẹ, tí a fún, tí a mọ róbótó, orí àjà iná là ń tò ó sí kí èéfín mú un gbẹ, kí a tó họ ẹ̀yìn rẹ̀ tó dúdú?

Ìgbà náà ló rí ohun tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì kọ sétí ìwé: Irọ́. Ọwọ́ ìkọ̀wé Jésùtómi ni. Inú ìyá dùn. Ó ń ṣí ìwé lọ. Níbi tí Adéìfẹ́ ti ní èéfín ti wọ irun òun: Òótọ́. Níbi tí ọmọkùnrin kan ti ní òun lè kú nítorí rẹ̀: Irọ́, ó tún fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rín pa Rẹ̀mílẹ́kún. Ṣùgbọ́n ìfura loògùn àgbà. Àmì pé ọmọ òun fẹ́ sá lọ ló ń wá.

Ó kan gbólóhùn kan tí Adéìfẹ́ sọ: “Ìyá mi ò fẹ́ràn mi tó pupuru rẹ̀.”

Etí ìwé níbẹ̀ ṣófo, àmọ́ bébà ti fẹ́lẹ́. Ó gbé e síwájú fèrèsé. Wọ́n ti kọ Irọ́ síbẹ̀ rí, wọ́n sì ti pa á rẹ́. Wọn ò fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀.

Ìjọ wọn kì í wọ bàtà sí sùtánà, nítorí náà kò gbúròó ẹsẹ̀ ọmọ.

“Iye, ẹ̀ ń ka ìwé mi.”

“Kí lo pa rẹ́ níbí?” Ìyá nàka sí etí ìwé tó ṣófo. “Ṣé o fẹ́ sá fi mí sílẹ̀ ni?”

“Kí n sá lọ síbo? Ẹ ṣí ìparí rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ní ayé dùn fún Adéìfẹ́ ní Ìbàdàn, mo kọ irọ́ síbẹ̀.”

“Èyí ńkọ́?”

Jésùtómi wolẹ̀. “Mo kọ irọ́ síbẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí àwa akọrin fẹ́ lọ díje ní Ìrẹ̀lẹ̀, tí wọ́n ní èmi ni kí n lé orin, ẹ ní kí n dúró họ pupuru. Mo họ ọ́ tán, mo wọlé wá pa á rẹ́.”

“Ọjọ́ wo nìyẹn?”

Ọmọ gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ bọ́ sùtánà.

Rẹ̀mílẹ́kún jókòó sórí ibùsùn, ó ń wá ọjọ́ náà nínú orí ara rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó rí i. Ohun tó rántí níbẹ̀ ò ju pé pupuru ọjọ́ náà funfun, àwọn oníbàárà sì yìn ín.