Ọta Kan fún Ìbọn Méjì

“Wendell, gbé ìyẹn sílẹ̀. Ìbọn ni mo wá rà, mi ò wá ra ẹ̀gbà ọrùn.”

Idella Trask ló sọ bẹ́ẹ̀ sí ọmọ rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù Orrin. Ìbọn tí Wendell gbé dání lẹ́wà lóòótọ́. Idẹ ara rẹ̀ ń dán yanran, wọ́n sì fín àgbọ̀nrín tó ń sáré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

“Màmá, kí ló wá burú tí nǹkan bá rẹwà?”

“Kò burú. Àmọ́ ajáko ò ní dúró wo ẹwà ẹ̀ kó tó gbé ọ̀dọ́ àgùntàn mi lọ.”

Orrin rẹ́rìn-ín lẹ́yìn káńtà. Ó ti ń ta ìbọn ní Medlow láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Òun àti Clete, ọkọ Idella tó ti dolóògbé, ni wọ́n jọ máa ń mu kọfí lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù ṣọ́ọ̀bù náà láràárọ̀ Sátidé, tí wọ́n á máa purọ́ ọdẹ fún ara wọn.

Wendell na ìbọn onídẹ náà sí ìyá rẹ̀ pé kó dì í mú wò. Idella ò gbà á. Ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kàn ń wo ọmọ náà títí ojú fi tì í.

“Ẹ máà bínú, Màmá.”

“Ṣé bí mo ṣe tọ́ ẹ nìyẹn? Ilé ìwé ìlú ti mú ẹ gbàgbé?”

Ní ọ̀dọ̀ tiwa níbí ní Wyoming, ẹni tí wọ́n kọ́ nílé kì í gbé irú ìbọn yìí lé èèyàn lọ́wọ́ ní pípadé. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ti ọwọ́ irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ síwájú kí ẹ̀yìn ìbọn ṣí, kó wo ihò ọta, kó fi han ẹnì kejì pé òfìfo ni, kó tó wá gbé e fún un. Clete kì í jẹ́ kí ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ jókòó sídìí tábìlì rẹ̀ jẹun. Orrin ṣí gbogbo ìbọn tó bá gbé sílẹ̀ lára ògiri, ó sì ń fi ihò rẹ̀ han Idella bí ẹni ń kíni káàárọ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbọn nìkan ló gbé ìyá àtọmọ wá. Nígbà tí àwọn àgùntàn bímọ lọ́dún yìí, ajáko wọ inú agbo, ó sì ń pa wọ́n jẹ. Idella gbé ìbọn ńlá tí Clete fi ń pa àgbọ̀nrín, ṣùgbọ́n èjìká tí ẹṣin gbá a lulẹ̀ lé, tí àwọn dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ fún, kọ̀ fún un. Ó dúró lójú pápá tó ń pariwo bí aláìlera. Nígbà tí Wendell dé láti ìlú tó rí òkú àwọn ọmọ àgùntàn, ó ní ó tó gẹ́ẹ́, kí ìyá òun ta oko, kó wá gbé nítòsí òun. Wọ́n jà, wọ́n sì fẹnu kò níkẹyìn: bí Màmá bá rí ìbọn tó lè yìn, tó sì fi ba ohun tó fojú sùn níṣojú òun, kó dúró sóko rẹ̀. Bí kò bá rí i, láti ṣọ́ọ̀bù, ilé tuntun tààrà. Kọ́kọ́rọ́ ilé tí wọ́n fẹ́ lọ wò nílùú wà nínú àpò Wendell, ó sì ń dún bó ṣe ń rìn.

“Ohun tí ìbọn Clete ń jẹ ni èyí náà gbọ́dọ̀ máa jẹ,” Idella sọ fún Orrin, ó sì fọwọ́ lu ìbọn ìléwọ́ Clete tó wà níbàdí rẹ̀. “Ọta fọ́tì-fọ̀, kó wọ ìbọn méjèèjì. Mi ò ní kó ọta oríṣi méjì.”

“Ta lẹ ń sọ fún?” Orrin dáhùn. “ Tí òtútù bá ti pa ọmọ ìka, ta ló fẹ́ máa ṣa ọta lórí ẹṣin?”

Wọ́n kó ìbọn lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí Orrin to agolo sí lábẹ́ òkìtì. Wọ́n dí etí wọn. Ọta gígùn láti inú páálí tó wà lórí tábìlì ni Orrin ki sínú onídẹ, òun ni Idella kọ́kọ́ yìn, kí ọmọ má baà sọ pé òun ò gbìyànjú. Ìbọn náà dún gbàù, ó gbá a léjìká, iyẹ̀pẹ̀ fò níbi tó jìnnà sí agolo. Ó tún yìn ín. Ó tún tàsé. Omi ti lé ròrò sí i lójú.

“Màmá, ó tó.” Wendell ti ki ọwọ́ bọ àpò.

“Ó dùn mí,” ni Idella wí. Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ rí, bó ti wù kí èjìká náà máa ro ó tó. “Mi ò lè purọ́. Ó dùn mí gan-an.”

Orrin họ orí. “Ìyá Wendell, ọta kan wà. Fọ́tì-fọ̀ náà ni, ihò kan náà ló ń wọ̀, àmọ́ ó kúrú, ẹ̀tù inú ẹ̀ ò sì pọ̀. Kò ní gbá yín báyìí.”

“Ọta oníṣeré,” Wendell dáhùn. “Ajáko á kàn fi họra ni. Bàbá mi ò jẹ́ fọwọ́ kan irú ẹ̀. Ọta gígùn ni Bàbá yìn títí tí wọ́n fi kú.”

Orrin gbójú kúrò lára rẹ̀. Ó gbé kọ́ọ̀pù kọfí rẹ̀ sẹ́nu, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Idella mọ ojú yẹn. Ó tú bẹ́líìtì Clete, tí ìbọn ìléwọ́ àti ọta wà lára rẹ̀, kúrò ní ìbàdí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀ ló ti ń dè é mọ́ra, kò sì tíì yọ ọta kan kúrò nínú rẹ̀. Ó fi èékánná yọ ọ̀kan tó ti lẹ̀ mọ́ awọ, ó nà án ró lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọta gígùn tó kù nínú páálí. Ó kúrú sí i. Ó yọ òmíràn. Kúkúrú. Ó yọ ọ́ títí dé ìdí ìkọ́ bẹ́líìtì, kúkúrú ni gbogbo wọn.

“Orrin.”

“Ó ní n ò gbọdọ̀ sọ ọ́.”

“Láti ìgbà wo?”

“Àtìgbà tí làkúrègbé ti mú ọrùn ọwọ́ ẹ̀. Ó máa ń dà á sínú páálí ọta gígùn níbí kó tó gbé e lọ sílé. Ó ní tẹ́ ẹ bá gbọ́, òun ò ní gbádùn mọ́.”

Idella bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún, ó sì jẹ́ kó di ẹkún. “Clete oníhàlẹ̀! Clete mi! Á jókòó níwájú mi, á ní èmi ò mọ ohun tí ìbọn gidi ń fojú ọmọ èèyàn rí!”

Wendell mú ọ̀kan nínú ọta bàbá rẹ̀, ó ń yí i ní àtẹ́lẹwọ́. “Ajáko ńlá tí Bàbá pa lórí òkè nígbà yìnyín yẹn ńkọ́?”

“Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ yẹn ló fi pa á,” Orrin dáhùn.

Wọ́n fi ọta kúkúrú sínú onídẹ, ó há a lọ́nà ọ̀fun, ọta dábùú sẹ́nu rẹ̀. Orrin bá gbé èyí tí ẹnikẹ́ni ò wò láti àárọ̀. Igi rẹ̀ ti họ lára gàárì ẹṣin ẹni tó kọ́kọ́ ni ín, irin rẹ̀ ti ṣí láwọ̀ níbi tí ọwọ́ ti ń dì í mú, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì bọ́ sí èjìká obìnrin náà bí ẹni pé ara rẹ̀ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Idella ti ọwọ́ irin síwájú, ó fà á padà, ó dún kẹ̀kẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí wọ́n fi epo sí. Kò sí ìró irin tó máa ń dùn mọ́ wa létí níbí tó ìyẹn. Ó yìn ín, agolo fò. Ó tún fà á, agolo kejì fò. Kò sinmi títí agolo fi tán lábẹ́ òkìtì.

“Ó dùn yín?” Wendell bi í.

“Rárá o.”

Ó gba ìbọn náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, òun náà yìn ín lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ó ti ọwọ́ irin síwájú, ó wo inú ihò ọta dáadáa, ó fi han ìyá rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lé e lọ́wọ́ ní ṣíṣí. Idella gbà á.

Idella sanwó ìbọn náà, wọ́n wọkọ̀, Wendell sì wà á dé oríta ilé epo, níbi tí ọ̀nà kan ti lọ sí ìlú, tí ọ̀kan sì gòkè lọ sí oko. Idella ń wo ìta, ó di ìbọn mú láàárín orúnkún. Wendell dẹ eré ọkọ̀ díẹ̀, ó sì yí ọkọ̀ sí ọ̀nà òkè.

“Kọ́kọ́rọ́ ẹlòmíì ṣì wà lápò ẹ o,” ni Idella wí.

“Mo mọ̀, Màmá. Mo máa dá a padà lọ́la. Àwọn àgùntàn ò tíì jẹun.”